Kí Ẹ Tó Ta Oko Kòkó Nítorí Físà

Bí ẹ bá wà lára àwọn tó máa ń gbọ́ wa nínú bọ́ọ̀sì, ẹ ti mọ ohùn mi. Bí ó bá sì jẹ́ pé ńṣe lẹ̀ ń ka ètò yìí lórí fóònù nítorí pé détà ti fẹ́ tán, ẹ̀yin náà, ẹ káàbọ̀. Ohun tí mo sọ nínú ètò náà ló wà níbí. Ikọ́ mi àti ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò nìkan ni mo yọ kúrò.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àbúrò mi kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp láti Ìjerò. Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kú àárọ̀ mà. Wọ́n ti fún mi ní àdímíṣọ̀n ní England. Bàbá ní àwọn máa ta oko kòkó tó wà lọ́nà Ìpótì kí owó lè pé nínú àkáǹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi: ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?"

Láti ìgbà tí mo ti padà dé, onírúurú ìbéèrè ni àwọn ènìyàn ti bi mí. Wọ́n bi mí bóyá yìnyín máa ń dun ara. Wọ́n bi mí bóyá mo rí ọba wọn. Kò sí ẹni tó bi mí rí bóyá ohun tí mo lọ kọ́ tó oko kan. Bàbá tó ń sọ yẹn, ẹ̀gbọ́n màmá mi ni wọ́n. Oko yẹn ni wọ́n fi rán ọmọ márùn-ún lọ sílé ìwé. Nítorí náà n kò lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo ní kí ó fún mi láyè, kí n ro ó dáadáa. Ètò tòní ni ìdáhùn mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọmọ Arámọ̀kọ ni mí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni mo dé ìlú kan ní àríwá England láti ka máásítà ọlọ́dún kan. Mo parí rẹ̀, mo gba ìwé ẹ̀rí mi, mo sì padà wálé. N kò kábàámọ̀ pé mo lọ. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ká ní mo mọ̀ wọ́n kí n tó wọ bàálù, oorun tí mo sùn ní ọdún yẹn ì bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Owó àfihàn kì í ṣe owó àfihàn

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tí Bàbá fẹ́ tìtorí rẹ̀ ta oko. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ ní owó ìwé tó kù láti san fún ọdún àkọ́kọ́, kí ó sì tún ní owó tí ó máa fi jẹun, tí ó máa fi san owó ilé, fún oṣù mẹ́sàn-án. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, iye tí wọ́n ń béèrè ni £1,529 lóṣù fún ẹni tó máa gbé ní London, àti £1,171 fún ẹni tó máa gbé níbòmíràn. Ẹ fi mẹ́sàn-án sọ ọ́ dí púpọ̀: £13,761 ní London, £10,539 níta London. Owó yìí gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì rẹ tàbí ti òbí rẹ fún ọjọ́ 28 gbáko. Bí ó bá dín ní ọjọ́ kan péré, ẹ tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kò tíì tán. Owó ìtọ́jú ìlera wà, £776 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì san án kí físà tó jáde. Owó físà fúnra rẹ̀ wà. Àyẹ̀wò ikọ́ fée wà, tí a ní láti lọ ṣe ní Èkó tàbí Abuja. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìjerò máa fi owó ọkọ̀ àti owó ibùsùn kún un.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé àfihàn lásán ni owó ọjọ́ 28. Nítorí náà, a máa ń wá ẹni tó máa yá wa. Ó gbé owó sínú àkáǹtì, ó gba èlé rẹ̀, nígbà tí ọjọ́ pé, ó kó owó rẹ̀ lọ. Físà jáde, gbogbo ilé ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, ọmọ dé òkè òkun pẹ̀lú £600, ó wá rí i pé owó tí wọ́n ní kí òun fi hàn yẹn gan-an ni owó tí ènìyàn máa ń ná. Owó ilé, owó oúnjẹ, owó ọkọ̀, òun náà ni. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó yá owó àfihàn ti jẹ gbèsè kí ó tó gúnlẹ̀, ó sì máa wá owó tuntun tí ó máa ná.

Ní Jámánì, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá sí i. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba wọn kì í gba owó ìwé, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ máa fi €11,904 sínú àkáǹtì kan tí wọ́n tì pa. Bí ó bá débẹ̀, báńkì á máa yọ €992 fún un lóṣooṣù. Owó tó fi hàn ni owó tó ń jẹ. Bí a bá fi ojú yẹn wo ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, a kò ní ṣi ọ̀nà.

Ìdajì kejì

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nìyí. Kí n tó lọ, ìdajì owó ìwé ni mo san. Ìdajì kejì wà ní náírà nínú àkáǹtì màmá mi ní Arámọ̀kọ. Tíṣà ni màmá mi. Owó àjọ wọn wà nínú rẹ̀, owó kọpuréétì wọn wà nínú rẹ̀. A ti ṣírò pé tó bá di oṣù kẹsàn-án, a ó yí i sí pọ́n-ùn, a ó sì san án.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye tí yóò jẹ́. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, nǹkan bíi ₦470 ni dọ́là kan lọ́nà ti ìjọba. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kọjá ₦700. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Pọ́n-ùn náà ń gùnkè bákan náà. Owó màmá mi kò dín ní kọ́bọ̀ kan nínú àkáǹtì. Òǹkà rẹ̀ pé síbẹ̀. Ohun tí ó lè rà ni kò pé mọ́.

Kí ni mo ṣe? Mo dákẹ́. Láti oṣù keje títí di ìparí oṣù kẹjọ, bí màmá mi bá pè, mo máa ń sọ pé kò séwu. Mo ń fi fọ́tò ránṣẹ́, mo wọ kóòtù tó dára, mo rẹ́rìn-ín. Lálẹ́, mo ń ṣírò, mo ń nu ún, mo tún ń ṣírò. Mo rò pé ọmọ gidi kì í kó ìdààmú bá òbí. Nígbà tó yá, màmá mi fúnra wọn ló gbọ́ ọ lóhùn mi. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ní kí o máa dá a gbé?" Mo sunkún ní ọjọ́ náà títí bátìrì fóònù mi fi kú.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń gba owó ní ilé ìwé mi, mo ṣàlàyé, mo sì so àkọsílẹ̀ báńkì mọ́ ọn. Ọjọ́ tó yẹ kí n san kò tíì pé. Nítorí pé mo sọ̀rọ̀ kí ó tó pé, wọ́n pín gbèsè mi sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí mo ṣe là á já nìyẹn.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló là á já. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ìròyìn gbòde pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan ní Yunifásítì Teesside kò lè san owó ìwé wọn mọ́ nítorí náírà tó já. Ilé ìwé yọ wọ́n kúrò, wọ́n sì ní kí àwọn kan fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe ìwọ́de. Ilé ìwé ní òfin físà ló fi ọ̀ranyàn mú àwọn. Ẹ jẹ́ kó yé wa: ilé ìwé ló dúró fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ, dandan ni kí wọ́n sọ fún ìjọba, ìjọba á sì gé físà náà kúrú. Ìdí nìyẹn tí gbèsè owó ìwé níbẹ̀ kò fi rí bíi gbèsè níbí, tí ènìyàn lè bẹ̀bẹ̀ títí di ọjọ́ ìdánwò.

Wákàtí ogún

Ọ̀pọ̀ ájẹ́ǹtì máa ń sọ pé, "Má dààmú, ṣáà débẹ̀, wàá ṣiṣẹ́ san án." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwé bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wákàtí 20 ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú. Owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin gbà fún ẹni tó ti pé ọdún 21, láti oṣù kẹrin ọdún 2025 títí di oṣù kẹta ọdún 2026, jẹ́ £12.21 fún wákàtí kan. Ìyẹn jẹ́ £244.20 lọ́sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó jẹ́ nǹkan bíi £977. Ẹ rántí pé £1,171 ni ìjọba kan náà sọ pé ènìyàn ń ná lóṣù níta London. Iṣẹ́ wákàtí 20 kò tó owó oúnjẹ àti ilé, áḿbọ̀sì owó ìwé.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo ti ṣiṣẹ́, alẹ́ méjì lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ tó lọ́lá ni, ó sì kọ́ mi ní sùúrù. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Èkíní, àwọn tó ń ka dìgírì àkọ́kọ́ ní ìsinmi ní ìgbà ẹ̀rùn, wọ́n lè ṣiṣẹ́ bó ṣe wù wọ́n nígbà náà. Àwa tí à ń ka máásítà, ìwé àṣekágbá ni à ń kọ ní àkókò yẹn, a kò sí ní ìsinmi, wákàtí 20 náà ni. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó iṣẹ́ máa ń fi hàn ní ọ̀dọ̀ ìjọba, nítorí náà kò sí ibi tí ènìyàn máa fi àṣejù pamọ́ sí.

Èkejì dá lórí àwa tí à ń jẹun lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà kí ènìyàn ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ kò lè máa dirun gbowó nínú yàrá yín. Ẹ kò lè máa ya fọ́tò ìgbéyàwó gbowó. Ètò tí ẹ ń gbọ́ yìí, mo dá ìpolówó orí rẹ̀ dúró fún odidi ọdún kan.

Ilé, àti ọmọ Abẹ́òkúta kan

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tí mo ń wá yàrá, lanlọ́ọ̀dù tí mo kọ́kọ́ rí ní kí n mú onídùúró wá, ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n san owó oṣù mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. N kò mọ ẹnì kankan. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sùn lórí àga gígùn ọmọ kíláàsì mi kan. Obìnrin ọmọ Èkìtì kan tí mo pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì ló dúró fún mi, lẹ́yìn tí wọ́n ti bi mí ní orúkọ bàbá mi àti àdúgbò wa ní Arámọ̀kọ. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, wọ́n ní, "Ó ti tó. Gbé fọ́ọ̀mù náà wá."

Ìṣòro ilé yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Ní ọdún 1922, ọmọ Abẹ́òkúta kan, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, dé London láti kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ìyà owó jẹ ẹ́. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ onílé ní London kì í gba aláwọ̀ dúdú sínú ilé wọn. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, òun àti Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, dá ẹgbẹ́ West African Students' Union sílẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí WASU. Láti 1929 sí 1932, Ṣólàńkẹ́ wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú láti kó owó jọ. Owó kí ni? Owó ilé ibùgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ṣí ilé náà ní Camden, ní London, ní ọdún 1933.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn rẹ̀ ni pé ní ọdún 1924, Ṣólàńkẹ́ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní London ní èdè Yorùbá. Òun la mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tó fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, nínú òtútù, ló ṣí ọ̀nà fún irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe yìí. Ó sì yé e pé ilé àti ẹgbẹ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ nílò kí ìwé tó lè wọ orí.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ, ẹ wá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ilé ìwé yẹn. Ẹ bi wọ́n nípa ilé. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni fún yàrá tí ẹnì kan tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí.

Ìrìnàjò kékeré

Kì í ṣe ìyà nìkan ni o. Mo rìnrìn àjò. Físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbé ènìyàn dé Faransé tàbí Jámánì. Físà ọ̀tọ̀ ni tiwọn, owó ọ̀tọ̀ sì ni. Nítorí náà, inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland ni mo rìn mọ. Mo máa ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, nígbà tí owó rẹ̀ kò tíì wọ́n. Fún ọkọ̀ ojú irin, káàdì kan wà fún àwọn tí kò tíì ju ọdún 25 lọ tó ń yọ ìdá mẹ́ta owó kúrò.

Ní Edinburgh, mo gun òkè Arthur's Seat. Mítà 251 ni gíga rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń mí hẹlẹhẹlẹ, èmi ń rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹni tó bá ti bá ìyá bàbá rẹ̀ gun òkè ní Ẹ̀fọ̀n, òkè yẹn kò jọ ọ́ lójú. Lórí òkè níbẹ̀ ni mo ti ń ròyìn Ìkògòsì fún wọn, bí omi gbígbóná àti omi tútù ṣe ń ṣàn pàdé ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn bi mí bóyá omi náà gbóná púpọ̀. N kò mọ̀. Ìkògòsì wà ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwa gan-an, n kò sì débẹ̀ rí. Ìtìjú mú mi. Nígbà tí mo padà dé, ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ.

Ìdáhùn sí Ìjerò

Mo lọ sí Ìjerò fúnra mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. N kò fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n gbé iyán wá. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo mú ìwé àti bírò, mo sì ṣe gbogbo ìṣirò tí mo ti ṣe fún yín yìí fún wọn. Mo tún sọ ohun kan kún un: iṣẹ́ wíwá lẹ́yìn ìwé. Títí di báyìí, ọdún méjì ni wọ́n ń fún ẹni tó bá parí dìgírì tàbí máásítà láti dúró wáṣẹ́. Fún àwọn tó bá béèrè láti oṣù kìíní ọdún 2027, oṣù 18 ni. Nítorí náà, ẹni tó bá ta oko ní ìrètí pé òun á rí i rà padà ní kíá, àkókò rẹ̀ ti kúrú sí i.

Mo ní, "Bàbá, n kò ní kí ó má lọ. Bí ẹ bá ta oko, owó náà máa pé fún físà àti ìdajì owó ìwé. Kò ní pé fún ìdajì kejì. Ìdajì kejì yẹn ló máa ń pa ọmọ ènìyàn lẹ́kún."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n wá bi mí, "Ṣé àdímíṣọ̀n náà á bàjẹ́ bí kò bá lọ lọ́dún yìí?" Mo ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló máa ń gbà kí ènìyàn sún un sí ọdún tó ń bọ̀ bí ó bá kọ̀wé béèrè. Mo ní láàárín ìgbà yẹn, ó lè ṣí àkáǹtì pọ́n-ùn ní báńkì, kí a máa yí owó sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí náírà má baà tún jẹ́ ká sunkún. Ó lè gbìyànjú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Commonwealth. Ti Chevening tó ń san gbogbo owó tún wà níwájú, bí ó bá ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́.

Bàbá ní, "Ó dáa. A ó ta kòkó. A ò ní ta oko."

Inú àbúrò mi kò dùn. N kò ní purọ́ fún yín. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń lọ lóṣù kẹsàn-án, ó sì rò pé mo ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Kò sìn mí dé ibi tí mo ti wọ ọkọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó fi fọ́tò ojú ìwé kan ránṣẹ́ sí mi. Ó ti fa ìlà sí i: owó ìwé, owó ilé, owó ìlera, owó àyẹ̀wò, ìdajì kejì. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kọ iye tó wà nílẹ̀ àti iye tó kù. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ló kọ sí pé, "Àǹtí, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni mo gbàgbé?"

Owó bàálù ló gbàgbé. Mo ti sọ fún un.

Bí ẹ̀yin náà bá wà lẹ́nu irú ìṣirò yìí, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹ bá sì wà ní òkè òkun báyìí, tí ẹ ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò, ẹ pe ilé lónìí, kí ẹ sọ iye tó kù. Ó dàbọ̀ o.